Etí Ló Ń Ṣe É, Ọwọ́ Kàn Ń Tẹ̀ Lé E

Ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì MGB ọdún 1966, agolo méjì tó ń dán ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé, tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní apá òsì ẹ́ńjìnì. Kabúrétọ̀ SU ni méjèèjì. Ẹ́ńjìnì náà kò tóbi rárá: sìlíńdà mẹ́rin, 1,798 cc. Kabúrétọ̀ kan ṣoṣo ì bá bọ́ ọ yó. Àwọn tó ṣe é fún un ní méjì kó lè mí dáadáa nígbà tí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí ọkọ̀ oníkabúrétọ̀ kan kò ní: ẹnìkan gbọ́dọ̀ mú kí méjèèjì máa ṣe ohun kan náà, ní àkókò kan náà, ní ìwọ̀n kan náà.

Mo ti dúró ti ọ̀gá kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì àgbàlagbà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì ju ibi tí ọkọ̀ méjì lè wọ̀ lọ. Kò jìnnà sí Abingdon, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe MGB láti 1962 títí ilé iṣẹ́ náà fi ti ilẹ̀kùn ní oṣù kẹwàá 1980, lẹ́yìn tí èyí tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ti jáde níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn lọ́hùn-ún, ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Ọ̀gá ni mo ń pè é, ó sì ti fara mọ́ ọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni bó ṣe ń pẹ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀pọ̀ àkókò ló fi ń dúró, tó fi ń tẹ́tí, tó fi ń wo ibì kan ṣáá. Nígbà tó bá wá gbé sípánà, kì í ju kó yí nọ́ọ̀tì díẹ̀, kó sì gbé sípánà náà sílẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é.

Kí ó tó yé wa ìdí tó fi ń ṣọ́wọ́ lò báyìí, ó yẹ ká mọ ohun tó wà nínú agolo méjì yẹn.

SU túmọ̀ sí Skinners Union. George Herbert Skinner ló ronú kabúrétọ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Òun àti àbúrò rẹ̀, Thomas Carlyle, ló jọ wà nídìí ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910. Ìdílé oníbàtà ni wọ́n ti wá, àwọn Skinner inú Lilley & Skinner tó ń ta bàtà ní London. Ewìrì aláwọ ló wà nínú kabúrétọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ohun tó bá ọmọ oníbàtà mu, kí písítìn onírin tó gbapò rẹ̀. Ní 1926, William Morris ra ilé iṣẹ́ náà, SU sì wọ inú Morris, MG, Austin àti Jaguar. Bàbá tàbí bàbá àgbà ẹni tó bá ti gun Morris Minor ní Èkó tàbí Ìbàdàn láyé ọjọ́sí, SU ló ń fún ọkọ̀ rẹ̀ lépo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ni.

Àwọn mẹkáníìkì wa tó ti dàgbà mọ Solex ju SU lọ, torí òun ló wà nínú Peugeot 404 àti nínú ọkọ̀ ìjàpá. Jẹ́ẹ̀tì inú Solex ju ẹyọ kan lọ: ti sílóò wà lọ́tọ̀, ti eré wà lọ́tọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kan péré ni SU ní. Abẹ́rẹ́ kan wọnú jẹ́ẹ̀tì náà láti òkè, ó nípọn lápá òkè, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu. Ìdí písítìn kan ni abẹ́rẹ́ yìí so mọ́, písítìn náà sì ń gòkè ó ń sọ̀ nínú agolo tó ń dán yẹn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń fa atẹ́gùn, ìfà náà á gba ihò tó wà lára písítìn dé inú agolo lókè, á sì gbé písítìn dìde. Bí ẹ́ńjìnì bá fà púpọ̀, písítìn á gòkè púpọ̀. Ọ̀nà atẹ́gùn á fẹ̀, abẹ́rẹ́ á yọ kúrò nínú jẹ́ẹ̀tì, epo á pọ̀ sí i. Bó bá fà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ padà. Nípa báyìí, eré tí atẹ́gùn ń sá kọjá lórí jẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, yálà ọkọ̀ dúró sójú kan tàbí ó ń já lọ ní ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń wọn oúnjẹ ara rẹ̀. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láti po epo mọ́ atẹ́gùn kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà, kò sí èyí tó mọ́gbọ́n dání tó èyí.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kéré gan-an. Ihò jẹ́ẹ̀tì kò fẹ̀ ju 2.29 mm lọ, epo kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbà ju àlàfo tó kù láàárín ihò yìí àti abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Àìmọye abẹ́rẹ́ ni SU ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bó ṣe tín-ín-rín sí, wọ́n sì tẹ àmì tirẹ̀ sí i lára. Nọ́ńbà 5 ni ti ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí. Bí ẹnìkan bá ti fi abẹ́rẹ́ Jaguar sínú rẹ̀ láìmọ̀, kò sí ọgbọ́n tí ọ̀gá lè dá tí ẹ́ńjìnì náà yóò fi tòrò.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà méjì péré ni atẹ́gùn àti epo ń gbà wọlé fún sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkíní àti ìkejì jọ ń lo ọ̀kan, ìkẹta àti ìkẹrin jọ ń lo èkejì. Bí wọ́n ṣe ń gbaná tẹ̀ léra ni 1, 3, 4, 2. Ẹ fọkàn bá a lọ: kabúrétọ̀ ẹ̀yìn á bọ́ ìkẹta, kò sì ní sinmi tí yóò fi bọ́ ìkẹrin, lẹ́yìn náà ló máa tó dúró, ti iwájú náà á bọ́ ìkejì, á bọ́ ìkíní, á dúró. Bí ọ̀kan nínú kabúrétọ̀ méjèèjì bá ń fúnni jù, sìlíńdà méjì á máa fi agbára fà, méjì yòókù á sì di ẹrù sí wọn lọ́rùn. Ìbejì ni wọ́n: kò ṣeé ṣe kí o bọ́ Táíwò yó, kí o ní kí Kẹ́hìndé máa wò ọ́ lẹ́nu, kí ilé ó sì rọgbọ. Èyí tó wá burú jù ni pé ọkọ̀ náà á ṣì máa rìn. Kò ní dákẹ́ sí ojú títì kí olówó rẹ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Á kàn máa gbọ̀n díẹ̀ ní sílóò, á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa gun òkè bí ẹni pé kò wù ú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti wa MGB fún ọdún púpọ̀ ní irú ipò yìí, tí wọ́n sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹni tó gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀ sọ pé kabúrétọ̀ ló ń yọ òun lẹ́nu. Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú púlọ́ọ̀gì. Ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lójú, ó wọn àlàfo ẹnu wọn, 0.6 mm àti díẹ̀ lé. Ó ṣí ìdérí fáàfù, ó ki irin pẹlẹbẹ ìwọ̀n bọ abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 0.38 mm nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Ó ṣí disitiríbútọ̀, ó wo ojú kọ́ńtáàtì, ó sì mú ọ̀kan tó ti jóná díẹ̀ kúrò. Gbogbo wákàtí yẹn, kò tíì fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ní England máa ń sọ pé ọ̀pọ̀ àìsàn kabúrétọ̀, iná ló ni ín. Bí púlọ́ọ̀gì kan kò bá ta iná dáadáa, ẹ́ńjìnì á mísì, ẹni tí kò ní sùúrù á yí nọ́ọ̀tì kabúrétọ̀ láti fi wo àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, nígbà tó bá sì rí púlọ́ọ̀gì náà pààrọ̀ lọ́la, àìsàn méjì ni yóò ní.

Ohun kan ṣì kù kó tó tan ẹ́ńjìnì. Ó di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé àwo ìdíwọ́ atẹ́gùn dúró mú, èyí tó ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ epo, ó sì mì ín sókè sódò. Ọ̀pá yìí ni ó máa ń jẹ jù lára SU tó ti dàgbà. Bó bá ti jẹ, atẹ́gùn á máa yọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìgba ọ̀dọ̀ jẹ́ẹ̀tì kọjá, sílóò kò sì ní dúró sójú kan láé. Ti ọkọ̀ yìí kò mì. Ọ̀gá mi orí. “Bó bá mì ni,” ó ní, “ilé ni mo máa ní kó gbé e lọ títí tí yóò fi ra tuntun.”

Lẹ́yìn náà ló tú agolo méjèèjì. Ó fi agolo iwájú àti písítìn rẹ̀ sínú abọ́ kan, ti ẹ̀yìn sínú abọ́ mìíràn, kò sì jẹ́ kí wọ́n pàdé. Písítìn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe mọ́ agolo tirẹ̀: kò gbọdọ̀ kan ara agolo, síbẹ̀ àlàfo tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju bíńtín lọ. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn mọ́ra wọn lọ́wọ́ ti ba méjì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Epo àti àkísà ló fi nù wọ́n. Mo béèrè bóyá sáńdípépà kò ní mú un dán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe wò mí, mo mọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ béèrè mọ́.

Ó dá wọn padà, láìtíì da ọ́ìlì sí i. Ó fi ìka gbé písítìn iwájú sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Kọ́! Ìró náà le, ó mọ́, irin lórí irin. Ti ẹ̀yìn: pọ̀. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan sí i. Pọ̀. Abẹ́rẹ́ ń ha ara jẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó sì ń dá písítìn dúró díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì ńlá tó di jẹ́ẹ̀tì mú, ó jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ fa jẹ́ẹ̀tì sí àárín gbùngbùn, ó ń fún nọ́ọ̀tì náà padà díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé písítìn, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀. Pọ̀. Pọ̀. Kọ́. Ó tún un ṣe kó lè dá a lójú. Kọ́. Ó kọjá sí nǹkan mìíràn láìsọ ọ̀rọ̀ kankan.

Ìwọ̀n epo inú ilé ìṣura kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ náà ń fẹ́ àmójútó, torí ohun tó ń léfòó níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí epo yóò wọlé àti ìgbà tí yóò dúró. Ó yẹ̀ ẹ́ wò kíá, ó dára. Ohun tó ń léfòó yìí kan náà ló fẹ́ kó àwọn awakọ̀ òfurufú Spitfire sí wàhálà nígbà ogun àgbáyé kejì, torí SU ló wà lára ẹ́ńjìnì Merlin wọn. Bí awakọ̀ bá dorí ọkọ̀ kodò lójijì, epo á fò sókè nínú ilé rẹ̀, ẹ́ńjìnì á sì kú díẹ̀ lójú ọ̀tá. Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Beatrice Shilling, tó ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough, ló wá nǹkan ṣe sí i ní 1941: irin kékeré kan tó ní ihò láàárín, tó ń dín epo tó lè gba ibẹ̀ kọjá kù. Owó táṣẹ́rẹ́, ọpọlọ pípé.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa ni iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ wá síbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó ti yọ fíltà atẹ́gùn, ẹnu kabúrétọ̀ méjèèjì wà ní gbangba. Ó ti tú àwọn ohun tó so méjèèjì pọ̀, kí ọ̀kan má baà máa fa èkejì. Nọ́ọ̀tì abẹ́ jẹ́ẹ̀tì, ó ti yí i sókè títí orí jẹ́ẹ̀tì fi bá ojú afárá inú kabúrétọ̀ dọ́gba, ó sì ti yí i wálẹ̀ ní ìyípo méjì gbáko. Nọ́ọ̀tì náà ní ojú mẹ́fà, ojú méjìlá nìyẹn. Ibẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí yóò parí sí.

Ó mú róbà oníhò kan tó gùn tó apá, irú èyí tí epo ń gbà kọjá lára ọkọ̀. Ó ti orí kan bọ etí, ó gbé orí kejì sí ẹnu kabúrétọ̀ iwájú, ní igun kan pàtó nínú ẹnu náà. Ohun tó ń gbọ́ ni atẹ́gùn tó ń gba àlàfo tóóró kọjá. Ó gbé e lọ sí ti ẹ̀yìn, sí igun kan náà gẹ́lẹ́. Ó padà sí iwájú. Ó fi síkúrúdiráfà kan síkúrù tó ń gbé àwo ìdíwọ́ ẹ̀yìn, ó yí i, kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Ó tún gbọ́.

Ó na róbà náà sí mi. Mo gbọ́ iwájú: ṣììì. Mo gbọ́ ẹ̀yìn: ṣììì. Mo ní, “Ọ̀gá, ọ̀kan náà ni mo gbọ́.”

“Ariwo lò ń gbọ́,” ó ní. “Ohùn ni kí o gbọ́. Èwo ló ga?”

Mo tún fetí sí i. Yorùbá ni mí, láti kékeré ni etí mi ti ń ya ohùn òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn àárín, síbẹ̀ mi ò ronú láé pé atẹ́gùn lẹ́nu ẹ́ńjìnì ní òkè àti ìsàlẹ̀. Ó ní i lóòótọ́. Ti ẹ̀yìn fi díẹ̀ ga, kò tó ìyàtọ̀ dò sí rè, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti gbọ́ ọ tán, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mọ́. Ọ̀gá gba róbà rẹ̀, ó kan síkúrù náà bí ẹni tó fẹ́ kí i lásán, ohùn méjèèjì sì di ọ̀kan.

Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí nọ́ńbà láti sọ bí atẹ́gùn ṣe pọ̀ tó lẹ́nu kabúrétọ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀rọ náà dára, pé ó péye, àti pé àwọn oníbàárà fẹ́ràn láti rí i. Ó yọ ọ́ jáde lọ́jọ́ náà, ó gbé e sí ẹnu méjèèjì lójú olówó ọkọ̀, nọ́ńbà kan náà ló fi hàn, ó sì dá a padà sínú dúrọ́ọ̀.

Lẹ́yìn atẹ́gùn ló kan epo, ibí yìí sì ni ọwọ́ ti máa ń já àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jù. Lábẹ́ kabúrétọ̀ kọ̀ọ̀kan ni irin tín-ín-rín kan wà tí ìka lè tì sókè láti gbé písítìn. Èèyàn á tì í títí yóò fi gbé písítìn sókè ní nǹkan bí 0.8 mm, á sì tẹ́tí sí ohun tí ẹ́ńjìnì máa sọ. Bí eré rẹ̀ bá lọ sókè tó sì dúró síbẹ̀, epo pọ̀ jù. Bó bá ṣe bí ẹni fẹ́ kú, epo kò tó. Bó bá sáré díẹ̀, tó wá rọra padà sí bó ṣe wà, ó ti bọ́ sí i. Ó rọrùn láti kà. Àmọ́ bí ìka bá gbé e ju ìwọ̀n yẹn lọ, kódà ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ dára jù lọ á ṣe bí ẹni fẹ́ kú, torí atẹ́gùn á ṣàdédé bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ wúwo á gbà pé epo kò tó, á fi kún un, á tún gbé e, á tún fi kún un, títí èéfín dúdú yóò fi máa jáde ní sàlẹ́ńsà. Mo wo ìka ọ̀gá. Mi ò rí i kó gbéra. Ẹ́ńjìnì nìkan ni mo fi mọ̀ pé ó ti tì í.

Iwájú sáré, ó dúró síbẹ̀. Ó yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ sókè ní ojú kan, ó sì fi ìka kejì ti jẹ́ẹ̀tì sókè kó lè rí i pé ó tẹ̀ lé nọ́ọ̀tì náà, torí nọ́ọ̀tì lè gòkè kí jẹ́ẹ̀tì sì dúró sí ìsàlẹ̀ tó ti wà. Ẹ̀yìn ṣe bí ẹni fẹ́ kú. Ojú kan wálẹ̀. Ó padà sí iwájú, iwájú sì ti yí ohùn padà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án: ọ̀nà tóóró kan wà nínú mánífóòdù tó so méjèèjì pọ̀, tí ohun tó bá ṣe ọ̀kan fi ń dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ó yí iwájú ní ìdajì ojú. Ó lọ sẹ́yìn. Eré sílóò ti lọ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú síkúrù méjèèjì lọ́gbọọgba, ó tún gbé róbà sí etí. Báyìí ló ń lọ tó ń bọ̀, ohun tó ń yí sì ń kéré sí i nígbà gbogbo: ojú kan, ìdajì ojú, ohun tí mi ò lè fún lórúkọ.

Láàárín gbogbo èyí ó máa ń rìn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, á bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàlẹ́ńsà. Bí epo bá pọ̀ jù, ìró mísì tó ń jáde níbẹ̀ máa ń wá létòlétò, bí ìlù tó ń ṣì ní ibì kan náà, pẹ̀lú èéfín tó dúdú. Bí kò bá tó, kò létò, ó ń tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sì sí àwọ̀ nínú èéfín rẹ̀. Nígbà tó di ìgbà ìkẹyìn tó lọ síbẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Èmi náà gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà: ẹ́ńjìnì ń lọ gbì-gbì-gbì-gbì, ọ̀kan kò ga ju èkejì lọ.

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò tíì parí, torí méjèèjì kò tíì so pọ̀. Kí kabúrétọ̀ dọ́gba ní sílóò kò ní kí wọ́n dọ́gba nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ epo. Ó so wọ́n padà, ó fi irin ìwọ̀n 0.3 mm sí àárín ibi tí apá kékeré ti ń gbá ọ̀pá mú, kí àwo méjèèjì lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn àlàfo kan náà. Ó gbé eré ẹ́ńjìnì lọ sí nǹkan bí ìyípo 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ó tún fi róbà gbọ́ méjèèjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ó sì jẹ́ pé eré yìí ni awakọ̀ ń lò jù. Sílóò ibi iná dídúró kì í ṣe ìrìn.

Ọ́ìlì ló kù, níwọ̀nba, sí orí agolo kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá kan wà tó ń rì sínú rẹ̀, ọ́ìlì náà sì ń dá písítìn dúró díẹ̀ kó má baà fò sókè nígbà tí awakọ̀ bá tẹná lójijì. Ìdádúró kékeré yẹn ló ń jẹ́ kí epo pọ̀ ju bó ṣe máa ń rí lọ fún ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ́ńjìnì nílò rẹ̀. Láìsí ọ́ìlì, ọkọ̀ á jáàkì. Mo ti gbọ́ nípa àwọn tó ra kabúrétọ̀ tuntun torí pé wọn kò da ọ́ìlì sí ti àtijọ́. Ọ̀gá kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Ó rọra ń ti ọ̀pá náà wọlé, ibi tí ọ̀pá bá ti kọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti tó.

Olówó ọkọ̀ gbé e jáde lọ wò, ó padà wá, inú rẹ̀ dùn. Ọ̀gá tún tú púlọ́ọ̀gì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ ràn mọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sí èyí tó dúdú, kò sí èyí tó funfun. Nígbà yẹn ló tó kọ ìwé owó.

Iṣẹ́ yìí kò rọrùn sí i, ó ń le ni. Láti oṣù kẹsàn-án 2021, epo tí wọ́n ń tà jù ní ilé epo Britain ti ní ẹtanọ́ọ̀lù nínú tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹtanọ́ọ̀lù ní ọ́síjìn nínú, nítorí náà jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n yí sí ìwọ̀n epo àtijọ́ kò ní fún ẹ́ńjìnì tó mọ́. Ó sì máa ń ba róbà àtijọ́ jẹ́ lára ọkọ̀. Ohun tí ìwé iṣẹ́ ọdún 1966 sọ kò tó mọ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ́ńjìnì náà lónìí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n ti yọ SU méjèèjì kúrò lára MGB tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀ láti ìparí 1974, nítorí òfin èéfín, wọ́n fi Zenith-Stromberg kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Àwọn tó ni ọkọ̀ wọ̀nyẹn ń wá SU méjì kiri láti fi dá a padà. Mi ò bá wọn jà.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n láti rí. Ní Salisbury, ilé iṣẹ́ Burlen ṣì ń ṣe kabúrétọ̀ SU tuntun, wọ́n sì ń ta abẹ́rẹ́, jẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pá fún àwọn ti àtijọ́. Bí o bá ní irú ọkọ̀ yìí, ní London ni o, ní Houston ni o, wá ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí o pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ síkúrúdiráfà ló kọ́kọ́ nawọ́ sí, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sì bá ọ ṣe é tán, tó ní kí o má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì abẹ́ rẹ̀ mọ́, gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí o sì san owó rẹ̀ láìná an.